Òfì Tó Ń Dún Nínú Sipíkà

Àwo orin kò yí. Fàòsíyà ti dá ẹ̀rọ giramafóònù tuntun náà dúró, ó wá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé eteetí àwo, níbi tí kò sí orin kankan. Kò yẹ kí ohunkóhun dún. Síbẹ̀, ohun kan ń dún nínú sipíkà méjèèjì.

Kó-kó. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Kó.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kó-kó. Kó.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Samsudeen béèrè. Ó ti lé lógójì ọdún, òṣìṣẹ́ káńsù ni ní Òtù, àmọ́ ẹ̀yìn àga ló dúró sí bí ọmọdé tó rí ajá.

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi olóògbé, Àjàgbé, nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ nìyẹn láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé wọn ṣubú. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n."

Fàòsíyà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń rẹlẹ̀ lórí páànù àwọn ilé Ìsẹ́yìn. Ó tẹ́tí. Òfì àwọn tó ń hun lódìkejì títì ló gbọ́, ó ń lọ geere, kò sí èyí tó ń tiro nínú wọn. Ó padà wọlé. Nínú sipíkà, èyí tó ń tiro ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí etí èèyàn kò gbọ́ níta, ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ nínú ilé. Bí mo bá ní irun ara obìnrin yìí kò dìde, irọ́ ni mo pa fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Fàòsíyà jẹ́. Bàbá rẹ̀, Ládòkun, ló kọ́kọ́ ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wọn, abẹ́ tábìlì bàbá náà ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà pọ̀. Nígbà tó dàgbà, ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó fẹ̀yìntì, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì: kéèyàn máa tẹ̀ lé wáyà títí yóò fi dé ibi tó já.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Samsudeen wá bá a. Ó ní òun ra ẹ̀rọ giramafóònù tuntun n'Íbàdàn kí ìyá òun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́ lè máa gbọ́ àwọn àwo sákárà tí ẹ̀gbọ́n òun kó jọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dára, kí Ìyá Ìmọ́lẹ̀ jọ̀ọ́ bá òun tún un ṣe. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe Fàòsíyà, Ìmọ́lẹ̀ ni àkọ́bí rẹ̀.

"Samsu," ó dá a lóhùn, "ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń hó lásán, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Sọ ìyókù."

Ìyókù rèé. Ọjọ́ kọkàndínlógójì tí Àjàgbé kú ni wọ́n wà yìí. Ọ̀gá ahunṣọ ni, ẹni tí àwọn ará Ìbàdàn ń wá fún etù, aṣọ òfì aláró dúdú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, ìyàwó rẹ̀ Àmọ̀kẹ́ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wọlé fún un ní yàrá òfì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ṣubú. Ọsibítù ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹnu ayé ní nǹkan mìíràn ni. Ẹ kúkú mọ ẹnu ayé, kì í lọ sí ọsibítù kó tó kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ìbá ti rọlẹ̀, àfi ìgbà tí giramafóònù dé tí òfì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

"Òkú tó bá sinmi kì í hun aṣọ," Samsudeen sọ. "Lọ́la tí a bá ṣe àdúà ogójì ọjọ́ tán, àwọn àgbà wa tó ń bọ̀ láti Kòmu yóò ní kí Àmọ̀kẹ́ kó ẹrù rẹ̀."

"Nígbà tí kò tíì parí opó rẹ̀?"

"Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá pa ọkọ rẹ̀, opó wo ló ń ṣe?"

Fàòsíyà rò ó wò. Obìnrin tó bá jáde nílé ọkọ pẹ̀lú orúkọ yẹn, orúkọ náà yóò bá a dé sàréè. Sodiqat, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó wà nílé ìwé ní Ṣakí, ilé ta ni wọn yóò ti gbà á níyàwó? Ó kó sukúrúdíráfà rẹ̀ sínú báàgì.

*

Nígbà tó padà wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, àbùkù tó ṣeé rí ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ̀rọ náà ń hó bí ìkòkò tó fẹ́ ru. Kò pẹ́ tó fi rí ìdí rẹ̀: wáyà ilẹ̀, wáyà tín-ínrín kan tó yẹ kó so giramafóònù mọ́ ańpù, ṣì wà ní wíwé nínú ọ̀rá lábẹ́ páálí. Samsudeen rò pé àlékún ni. Fàòsíyà so ó, híhó náà kú lójú ẹsẹ̀. Ó wo ọwọ́ ẹ̀rọ tó gbé abẹ́rẹ́ dání, ó rí i pé ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ.

"Wò bó ṣe ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ata. O fẹ́ fi ọjọ́ mélòó lọ àwo ẹ̀gbọ́n rẹ tán?"

Ó yí ìwọ̀n náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi fúyẹ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀, ó wá fi àwo sí i. Gòjé jáde, ohùn olórin tẹ̀ lé e, ó mọ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Samsudeen rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá wọn, Mọ́rìnọ́lá, wà lórí ẹní ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ti di, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti lọ síbi etí ọ̀tún. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wo àwọn méjèèjì.

Orin kan parí, èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ó dún.

Kó-kó. Kó.

Ó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fàòsíyà ti tún ohùn orin ṣe, ó sì ti tún ti òkú ṣe mọ́ ọn. Ẹ̀rín Samsudeen gbẹ.

*

Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ìwin, òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kọ́kọ́ ń yẹ àpò rẹ̀ wò. Fàòsíyà gba fóònù Samsudeen, ó pa á. Ó tẹ̀ lé gbogbo wáyà láti ẹ̀rọ dé ańpù, láti ańpù dé sipíkà. Ó wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó wo abẹ́ àga. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Òfì náà ń dún lọ.

"Ẹ̀ ń fura sí mi," Samsudeen sọ. Ó dùn ún.

"Mo ń fura sí gbogbo ẹni tó ń mí. Má bínú."

Ó sọdá títì lọ bá Ayọ̀tọ́lá, ọmọṣẹ́ àgbà olóògbé, tó ń hun pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn lábẹ́ àtíbàbà. Nínú agbo ilé yẹn, bí ahunṣọ bá kú, wọn a ti yàrá òfì rẹ̀ pa. Ní ọjọ́ ogójì wọn a ṣí i, wọn a tú òfì náà, ọmọṣẹ́ àgbà a kó igi rẹ̀. Aṣọ tí olóògbé kò bá hun tán, wọn a gé e dànù, nítorí wọ́n ní kò yẹ kí ọwọ́ mìíràn parí iṣẹ́ òkú. Ayọ̀tọ́lá ló ń dúró de òfì Àjàgbé. Ẹni tó ń dúró de ogún, ó yẹ ká bi í lọ́rọ̀.

"Ẹ dá iṣẹ́ dúró, gbogbo yín. Kí òfì kankan má dún títí n ó fi padà."

Wọ́n dá a dúró. Fàòsíyà sáré padà, ó gbé abẹ́rẹ́ lé eteetí àwo. Kó-kó. Kó. Kì í ṣe Ayọ̀tọ́lá, kì í ṣe ẹnì kankan lábẹ́ àtíbàbà. Ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ?"

"Ó ti pẹ́, mà. Ẹsẹ̀ wọn ṣì le nígbà yẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí ọ̀kadà gbé wọn ṣubú lọ́nà Òkèhò, tí orúnkún òsì wọn kò gbọ́ràn mọ́. Àtìgbà yẹn ni òfì wọn ti ń tiro."

"Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn?"

"Kò sí. Láti ọdún mẹ́ta gan-an, wọn a máa tilẹ̀kùn mọ́rí hun aṣọ ni. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ọnà àwọn."

Fàòsíyà wò ó bó ṣe padà sídìí iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere, ọwọ́ tó kọ́ lára ọ̀gá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le. Ọmọṣẹ́ a máa kó iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, a sì máa kó àbùkù rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń fi títiro hun aṣọ, lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé ọ̀gá ṣubú ló kọ́ ọ, Ayọ̀tọ́lá sì ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

*

Ó kù kó wò ó bóyá ẹ̀rọ náà dúró déédéé, nítorí giramafóònù tó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kò lè kọrin ire. Kò sí ohun tí bàbá rẹ̀ fi ń wò ó ju ife omi lọ. Ó bu omi kún ife onígíláàsì, ó gbé e lé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Omi náà dà sí apá ògiri. Ó fẹ́ fi páálí há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni ojú rẹ̀ fi bá omi náà.

Omi náà mì. Ó mì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ó dúró, ó mì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó bá ohùn inú sipíkà mu rẹ́gí. Fàòsíyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ife náà pẹ́, ẹ̀rù tó ti dì mọ́ ọn láyà láti ìrọ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ohun tó bá lè mi omi, ó ní ìwọ̀n. Ohun tó bá ní ìwọ̀n, a máa jẹun. Kì í ṣe ẹni tó wà ní sàréè ló ń hun aṣọ yìí.

"Samsu, sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yìí, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dà á?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Láti pálọ̀ níbí, ó gba yàrá Àmọ̀kẹ́, ó dé yàrá òfì lẹ́yìn ilé."

Ó ní kó mú òun lọ síbẹ̀. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò kúrò lápò Samsudeen láti ọjọ́ ìsìnkú, aláǹtakùn ti ta okùn bo ojú ihò rẹ̀. Irin wà lójú fèrèsé, wọ́n ti pákó rẹ̀ pa. Fàòsíyà lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ó dà bíi pé ó gbọ́ nǹkan, bí ẹni tó ń lu tìmùtìmù, ó sì tún dà bíi pé kò gbọ́.

"Jẹ́ ká ṣí i," ó sọ.

Samsudeen fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Kó tó di ọ̀la? Mi ò lè ṣe é. Tí ẹ bá pa mí, mi ò lè ṣe é."

"Ó dáa. Tẹ̀súbáà rẹ dà? Padà lọ jókòó ti sipíkà. Bó bá ti dún, fa ẹyọ kan. Bó bá dákẹ́, má fà. Má ṣe bẹ̀rù, iye ni mo fẹ́."

Ó lọ kan ilẹ̀kùn opó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àmọ̀kẹ́ tó dáhùn. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Obìnrin tó ti lé lógójì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ opó ti bò ó mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú yàrá náà, àpótí wà níbẹ̀, ẹní ńlá kan sì wà lára ògiri ẹ̀yìn.

"Kú ìrọ́jú, Ìyá Sodiqat."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ jókòó."

"Ohun tó gbé mi wá kò dùn. Oúnjẹ tí ọkọ rẹ jẹ gbẹ̀yìn."

Àmọ̀kẹ́ wolẹ̀. "Èmi àti wọn la jọ jẹ ẹ́. Abọ́ kan náà."

"O kò sọ fún àwọn ẹbí?"

"Mo sọ. Wọ́n ní mo wí bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọkọ rẹ ló kọ́kọ́ gé e, àbí ìwọ?"

"Èmi ni. Mo fi sí wọn lẹ́nu, mo wá..." Ó ti sọ ohun tí kò fẹ́ sọ.

Fàòsíyà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀gá ahunṣọ tí ìyàwó ń fi ẹ̀kọ sí lẹ́nu, ọwọ́ wo ló fi ń hun aṣọ? Ó wo ọwọ́ obìnrin náà tó dì mọ́ tẹ̀súbáà. Orí ìka rẹ̀ dúdú bíi aró. Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì nínú yàrá, ó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, àwọ̀ aró kò sì ṣí. Àfi tó bá jẹ́ tòní.

Ó kí i, ó jáde. Ní pálọ̀, Samsudeen gbé tẹ̀súbáà sókè.

"Gbàrà tí ẹ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló dákẹ́. Kò dún mọ́ rárá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Kó tó dáhùn, ó dún. Kó-kó. Kó. Ó sì yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi léèrè ọ̀rọ̀, tó tún padà sídìí ohun tó ń ṣe lójú ẹsẹ̀, tí kì í bá ṣe aṣiwèrè, a jẹ́ pé àkókò ló ń lé e. Fàòsíyà ní kí Samsudeen lọ kírun Màgàríbì ní mọ́sálááṣí, kó sì gba ọ̀dọ̀ onífọkanáísà padà, kó tọrọ túùbù ọ̀kadà méjì tó ti gbó.

*

Kò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì. Yàrá opó ṣófo. Ó ká ẹní ara ògiri sókè, ilẹ̀kùn kékeré kan tó wọ yàrá òfì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ jókòó sídìí òfì ọkọ rẹ̀. Ó ti fi àkísà wé gbogbo igi òfì tó ń kan ara wọn, kí ariwo má bàa jáde síta. Ariwo kò jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mọ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ òfì náà rì sí, bó sì ṣe ń kàn án ni ilẹ̀ ń gbé e lọ sábẹ́ tábìlì pálọ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń gbọ́. Wọ́n ní ògiri létí. Ilẹ̀ náà ní.

Obìnrin náà kò sá. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò lórí òwú. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ku ìwọ̀n apá kan, mà. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, kí ẹ tó pè wọ́n."

"Ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló kọ́kọ́ kú, òsì wá ń gbọ̀n. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa dá ẹsẹ̀ òsì dúró kí n tó tẹ̀ ẹ́, kí ará àdúgbò lè gbọ́ wọn. Ní báyìí, mi ò mọ òmíràn í hun. Bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Etù ló wà lórí òfì náà, ó dúdú, ó ń dán. Àmọ̀kẹ́ ní kí ọwọ́ Àjàgbé tó kú ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó sì fi í sílẹ̀ láìparí. Ní ọ̀sẹ̀ tí Àjàgbé máa kú ló ní kí ìyàwó òun nà án padà sórí òfì. Lọ́la, bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n bá a láìparí, wọn yóò gé e dànù.

"Sọ fún wọn, Ìyá Sodiqat. Ọ̀rọ̀ yìí ni yóò yọ ọ́."

"Kí àwọn èèyàn wá máa sọ pé irọ́ ni gbogbo etù tí ọkọ mi hun? Mo ṣèlérí fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ẹbí lé mi. Orúkọ wọn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Sodiqat."

Inú Fàòsíyà bà jẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ló ti yanjú rí, kò tíì pàdé èyí tó yanjú tán tí kò ṣeé sọ. Ó jáde, ó da ẹní bo ilẹ̀kùn bó ṣe wà.

Nígbà tí Samsudeen dé, Fàòsíyà fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú túùbù méjèèjì, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó gbé pẹpẹ òkúta tí wọ́n ń lọ ata sí tẹ́lẹ̀ lé wọn, ó gbé giramafóònù lé òkúta. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé eteetí àwo. Sipíkà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Samsudeen fi ọwọ́ nu ojú.

"Wọ́n ti lọ?"

"Kò sẹ́ni tó wá tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ló ń mì. Rọ́bà ti gbà á."

*

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣe àdúà tán, pálọ̀ kún. Bàbá Gbádébọ̀, olórí ẹbí tó ti Kòmu wá, jókòó sórí àga tó ga jù. Fàòsíyà fi orin sí i, ó mọ́ ketekete, láàárín orin àti orin kò sí nǹkan kan. Ó ṣàlàyé ilẹ̀, ó ṣàlàyé rọ́bà. Ó rò pé yóò tó wọn.

"Mo gbọ́," Bàbá Gbádébọ̀ sọ. "Òfì ló ń mi ilẹ̀. Ìwọ náà ló dá ti àwọn ahunṣọ dúró lánàá tí kò dákẹ́. Òfì ta wá ni?"

Ìdáhùn wà lórí ahọ́n Fàòsíyà, ìlérí opó sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"A jẹ́ pé òfì òkú náà ni. Ẹ pe obìnrin yẹn wá."

Àmọ̀kẹ́ ti di ẹrù rẹ̀ kó tó di pé wọ́n pè é. Ó gba iwájú gbogbo wọn kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ lórí ẹní ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé etù tó ká lé e lọ́wọ́. Ó fi ẹnu sí etí ọ̀tún rẹ̀.

"Màmá, èyí tí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ fún yín nìyí."

Ìyá Mọ́rìnọ́lá tú aṣọ náà. Ó ń fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó dé ibì kan, ó dúró.

"Ibí ni Àjàgbé dé," ó sọ. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bí ohùn adití. "Láti ibí lọ, ìwọ ni."

Samsudeen lọ síbi etí ọ̀tún rẹ̀.

"Màmá," Samsudeen sọ, "kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ọdún mẹ́ta ni ọwọ́ ọmọ mi ti kú. Mo mọ̀. Etí mi ti lọ, ilẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ràn, ilẹ̀ ni mo ń sùn sí. Ẹsẹ̀ Àjàgbé wúwo. Ti ọmọ yìí fúyẹ́. Ó ń tiro bíi ti ọkọ rẹ̀, ó fúyẹ́ síbẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ló bi mí? Ẹ̀ ń kùn lórí mi láti ọjọ́ yìí, ẹnì kan kò wá síbi etí mi. Mo rò pé gbogbo yín mọ̀, tí ẹ̀ ń bo orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe ń bò ó." Ó yíjú sí Àmọ̀kẹ́, ó rí ẹrù tí wọ́n dì sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. "Orúkọ Àjàgbé lo torí ẹ̀ fẹ́ lọ? Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Kò bà jẹ́. Lọ tú ẹrù rẹ."

Bàbá Gbádébọ̀ ń wo ìdí àga rẹ̀. Samsudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó nà án sí i. Ayọ̀tọ́lá tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní òun kò gbé òfì kankan mọ́, kí ẹni tó ń lò ó máa lò ó.

"Ìwọ, ọmọ Ládòkun," Ìyá Mọ́rìnọ́lá pe Fàòsíyà. "Kí lo gbé sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn?"

Fàòsíyà lọ síbi etí rẹ̀. "Rọ́bà ni, Màmá. Kí orin lè mọ́."

"Yọ ọ́."

"Orin ò ní mọ́ mọ́, Màmá. Gbogbo ìró òfì ni yóò máa wọ inú ẹ̀."

"Mo ní kí o yọ ọ́."

Fàòsíyà yọ túùbù kan, ó yọ èkejì. Ó gbé giramafóònù padà sórí tábìlì lásán, ó gbé abẹ́rẹ́ lé eteetí àwo tí kò yí, ó yí ohùn sókè dé ìpẹ̀kun. Samsudeen gbé sipíkà kan wá sórí ẹní, ìyá rẹ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Lẹ́yìn ilé, níbi tí Àmọ̀kẹ́ lọ, wọ́n gbọ́ tí àgádágodo ṣí. Gbogbo wọn dúró dè é, títí kan Bàbá Gbádébọ̀.

Kó-kó. Kó.

"Ìyàwó mi nìyẹn," Ìyá Mọ́rìnọ́lá sọ, ó sì fa etù náà bo ẹsẹ̀.